Akoko Kì í Pa Ọjọ́ Jẹ

Yàrá ẹ̀yìn ni ilé-iṣẹ́ náà wà, láàárín àpótí aṣọ àti fèrèsé tí kò ṣeé ṣí tán. Ọkùnrin tó ni ín ni ọ̀gá àgbà ibẹ̀. Òun náà ni akọ̀wé, òun ni agbálẹ̀, òun sì ni òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá àgbà máa ń bá wí tí iṣẹ́ bá bàjẹ́. Ó ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, níbi tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, kó lè ráyè ṣe áàpù orí fóònù kan tí yóò máa rán àwọn èèyàn létí iṣẹ́ ilé. Ó sọ áàpù náà ní Má Gbàgbé.

Nígbà tó ń ṣe é lọ́wọ́, àmì ohùn fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ ọ́ lẹ́mìí. Bí èèyàn bá fi àmì kọ orúkọ rẹ̀ lónìí, tó wá gbàgbé ẹyọ kan lọ́la, áàpù á ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Inú bí i, ó gé gbogbo àmì, tòkè tìsàlẹ̀, kúrò lára orúkọ. Ìyàwó rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé, ní ìyẹn ò dáa.

"Orúkọ tí ò lámì, báwo lẹ ṣe fẹ́ ká mọ bí wọ́n ṣe ń pè é?"

"Ẹni tó bá ni orúkọ á mọ bí wọ́n ṣe ń pè é," ó fèsì, ó sì kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀.

Áàpù jáde. Àwọn ọ̀rẹ́ gbà á sórí fóònù, wọ́n yìn ín, wọ́n sì rọra yọ ọ́ kúrò. Wọ́n ní bọ́tìnnì ti pọ̀ jù, pé iṣẹ́ ilé gan-an ò tó iṣẹ́ tí áàpù ń fún àwọn ṣe. Kò gé ìkankan kúrò níbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, Akoko ni ẹni yẹn ń jẹ́.

Akoko kì í pa ọjọ́ jẹ. Láràárọ̀, fóònù ọkùnrin náà á dún láti sọ fún un pé Akoko ti wọlé. Á kọ omi, á kọ aṣọ, á kọ ìlẹ̀kùn, á sì máa fàlà sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bọ́tìnnì tí àwọn ọ̀rẹ́ ń ráhùn sí, Akoko ń tẹ̀ wọ́n láìráhùn. Ọkùnrin náà kọ̀wé sí i lórí áàpù láti dúpẹ́. Kò rí èsì. Ó ní ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ kì í ráyè ọ̀rọ̀ dídùn.

Ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ bi í bóyá obìnrin ni Akoko yìí. Nígbà tó rí i pé kò mọ̀, ó ní Àkókó ni yóò máa jẹ́, ẹyẹ tó ń fẹnu gbẹ́ igi látàárọ̀. Ọkọ rẹ̀ ní rárá o, Àkókò ni, ẹni tó mọ iyì àsìkò.

Ìyàwó náà kàn ń fẹ́ mọ ohun tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ń ṣe lábẹ́ tábìlì. Bátìrì rẹ̀ ti kú, ìdérí rẹ̀ ò ṣeé pa dé mọ́, ó sì máa ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn kì í lè gbálẹ̀ débẹ̀.

"Iṣẹ́ ni mo gbé fún un," ọkọ rẹ̀ ní. "Má fọwọ́ kàn án. Bí iná bá ti kàn án báyìí, á tan ara rẹ̀, á máa báṣẹ́ lọ. Èmi gan-an ò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀."

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n ìyàwó wá, ó jókòó sórí àpótí aṣọ. Ó ní àyè ọkùnrin náà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ ẹlòmíì ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun, kò sì ní lè dá a dúró kọjá ọjọ́ Ẹtì.

"Àna mi, èèyàn mélòó ló ń lo nǹkan yìí gan-an?"

"A ò tíì pọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀yin àti ta ni?"

"Èmi àti Akoko."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi di àpótí mú. Ìyàwó ò rẹ́rìn-ín. Owó oṣù tirẹ̀ nìkan ni gbogbo ilé ń jẹ, bàtà tó ń wọ̀ lọ síléèwé sì ti lanu.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọkọ rẹ̀ ní òun ti mọ bí òun ṣe máa ṣe é. Bí Akoko bá wọlé, òun ò lọ síbì kankan, torí pé èèyàn kan tó fọkàn tán èèyàn, a kì í já a jù sílẹ̀. Bí kò bá wọlé, ó parí nìyẹn, òun ń padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó rẹ̀ ò jiyàn. Ó mú ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ kan, ó wá ibi tí yóò ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́.

Fóònù ò dún. Ọkùnrin náà gbé e sétí bóyá etí òun ni ò gbọ́. Ó wẹ̀, ó jáde, kò tíì dún. Ó ní bóyá ara Akoko ni ò yá. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ṣì gbóná, ó wá bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó jókòó láti wọ̀ wọ́n, kò wá kánjú rárá. Ìyàwó rẹ̀ yọ áyọ́ọ̀nù, ó ki wáyà tó bá níbẹ̀ padà, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ó ní. "Ẹ ti gbìyànjú."

Fóònù dún. Akoko ti wọlé. Omi, aṣọ, ìlẹ̀kùn.

Ojú omijé ni ọkùnrin náà fi pe ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ pé kó fún ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ láyè náà. Ìyàwó rẹ̀ mí kanlẹ̀, ó wo fóònù náà, ó ní ẹni tó pẹ́ tó sì tún dé, òun náà ò lè ní kí wọ́n já a kulẹ̀.

Ọkùnrin náà bọ́ bàtà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kì í sábẹ́ tábìlì, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, níbi tí iṣẹ́ tó gbé fún un kó tó gé àmì kúrò lórí orúkọ ti hàn gedegbe: "Orúkọ: Àkọ́kọ́, ti ìdánwò. Iṣẹ́: máa wọlé láràárọ̀, kọ omi, aṣọ, ìlẹ̀kùn, tẹ gbogbo bọ́tìnnì."