Àwo Orin Tí Olúkúnlé Gbà Padà

Òjòwú ni Olúkúnlé. Bí a bá yin ẹlòmíràn lójú rẹ̀, oúnjẹ ọjọ́ náà kò ní lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ìwà yìí ló fi pa ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́, òun náà ló sì fi ba ayé ara rẹ̀ jẹ́.

Ní Ṣakí ni, lọ́dún tí àwọn sójà ń múra àtigbé ìjọba sílẹ̀. Olúkúnlé ra gìtá oníná, ó kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, wọ́n sì ń kọ orin rọ́ọ̀kì. Orin irin ni àwọn àgbà ń pè é, nítorí gìtá náà ń ké bí ìgbà tí a ń fi irin ha irin. Ràmọ́nì ló ń bá wọn kọrin. Òun nìkan ni ọmọ tí Àwáwù, opó tó ń ranwú, bí.

Àwo kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe, wọ́n pè é ní "Ìyá, Mo Dé". Kí gìtá tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ohùn Ràmọ́nì á kọ́kọ́ dá jáde: "Ìyá, mo dé." Bó ṣe máa ń pe ìyá rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà nìyẹn bó bá ti oko dé. Àwo náà tà dé Ìsẹ́yìn, ó tà dé Kìṣí. Ṣùgbọ́n "orin Ràmọ́nì" ni gbogbo ènìyàn ń pè é.

Èyí ká Olúkúnlé lára. Ó ní òun yóò tún àwo náà ṣe, ohùn òun ni yóò sì wà níbẹ̀. Ìyápọ̀, onílù wọn, rẹ́rìn-ín.

"Kúnlé, gìtá rẹ ń han gooro, ìwọ náà tún fẹ́ máa han tẹ̀lé e? Ìka tó tọ́ símú la fi í ro ó."

"Ta ló ra gìtá?" ni Olúkúnlé fèsì. "Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó bá Ràmọ́nì lọ."

Báyìí ló ṣe lé Ràmọ́nì.

Ó lọ ṣe àwo kejì n'Ìbàdàn. Kò yí páálí rẹ̀ padà. Àwòrán gbogbo wọn ṣì wà lára rẹ̀, Ràmọ́nì láàárín. Bí àwọn obìnrin kan ṣe máa ń fi abọ́ tuntun gba àkísà lọ́wọ́ ará ilé, bẹ́ẹ̀ ni Olúkúnlé ń kiri láti Ṣakí dé Komu: "Ẹ mú àtijọ́ wá, ẹ gba tuntun." Ta ni yóò kọ̀ ọ́? Àwáwù náà mú tirẹ̀ wá, nítorí abẹ́rẹ́ ti ha á. Ó rí ojú ọmọ rẹ̀ lára páálí tuntun, ó sì ṣàdúrà fún Olúkúnlé. Kò gbọ́ ọ wò, torí Ràmọ́nì ti ta giramafóònù wọn nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo àtijọ́ tí Olúkúnlé gbà, ó dáná sun ún lẹ́yìn ìlú.

Ràmọ́nì gba Ìgbẹ́tì lọ, ó ń bá wọn fọ́ òkúta mábù. Ọjọ́ tó ń bọ̀ wá kí ìyá rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù tó wọ̀ dojú dé lọ́nà. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Àwáwù yá giramafóònù aládùúgbò kó lè gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Ohùn Olúkúnlé ló jáde. Ìyá náà gbé àwo náà lọ bá a nílé.

"Olúkúnlé, ọmọ mi dà nínú àwo yìí?"

"Ẹ má bínú, ìyá. Màá bá yín wá a."

Ó sáré lọ sí Ìbàdàn. Ẹni tó gba ohùn wọn sílẹ̀ wò ó tìyanu-tìyanu.

"Orí téèpù tí ohùn Ràmọ́nì wà náà la gba ohùn tìrẹ lé, tirẹ̀ sì ti pa rẹ́. Ìwọ lo ní ká má wulẹ̀ ra òmíràn."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Kàkà kí Olúkúnlé padà wá jẹ́wọ́, ó ṣe àwo kẹta. Ó fún ọ̀fun pọ̀, ó sín Ràmọ́nì jẹ: "Ìyá, mo dé." Ó gbé e wá fún Àwáwù lójú àwọn obìnrin agboolé. Ìyá náà tẹ́tí díẹ̀, ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà.

"Ẹ̀ẹ̀kejì tí o máa pa á rèé, ọmọ mi," ló sọ. Kò gbé ohùn sókè.

Ẹní da eérú leérú ń tọ̀. Ṣakí gbọ́, Ìsẹ́yìn gbọ́, kò sì sẹ́ni tó pe Olúkúnlé sóde mọ́. Ìyápọ̀ kó ìlù rẹ̀ lọ. Olúkúnlé gbé àpótí àwo rù, ó tún ń kiri, bóyá ẹnì kan ṣì ní àwo àkọ́kọ́: "Ẹ mú àtijọ́ wá, ẹ gba tuntun." Àwọn ènìyàn ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Àwáwù kú pẹ̀lú òwú lẹ́sẹ̀ rẹ̀, láìgbọ́ ohun tó ń retí.

Ìgbà tó kú tán ni Olúkúnlé tó rí ọ̀kan nínú àwo àkọ́kọ́ ní Kìṣí. Ìyálé kan ló fi ń dé ìkòkò ọkà bàbà, oòrùn sì ti ká a kò. Ó gbé e sórí ẹ̀rọ. Ohùn Ràmọ́nì jáde: "Ìyá... Ìyá... Ìyá..." Abẹ́rẹ́ kò rékọjá ibẹ̀. Kò dé "mo dé" títí bátìrì fi kú. Orí Olúkúnlé dàrú láti ọjọ́ náà. Àwọn awakọ̀ máa ń rí i lọ́nà Ìgbẹ́tì, irun rẹ̀ kún fún eruku pupa, ó ń pe ìyá tí kì í ṣe tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń dá a lóhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ fi kọ́gbọ́n. Ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún ẹnìkejì rẹ kò dín tìrẹ kù. Bí o bá pa á rẹ́, àyè rẹ̀ kò ní di tìrẹ. Òfìfo ni yóò wà níbẹ̀. Má sì ṣe rò pé ohun tí o bàjẹ́ lónìí, ẹ̀dùn ọkàn yóò bá ọ tún un ṣe lọ́la. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, kì í sì í mú nǹkan kan bọ̀. Ẹni tó bá ní òun kò gbà, kó gba ọ̀nà Ìgbẹ́tì lọ wò.