Òdòdó Ẹnu Ilẹ̀kùn Àǹtí Hilda

Nígbà tí Kérésìmesì ku ọ̀sẹ̀ kan, Àǹtí Hilda mú hángà onírin kan, ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi rí róbótó, ó sì jókòó sí pálọ̀ láti fi ṣe òdòdó tí yóò gbé kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn. Olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ilé bàbá wọn ni, ní òpópónà kan lẹ́yìn ọjà Tejúoṣó, kò sì sí ohun tó burú nínú pé kí ọmọ ilé ṣe ẹnu ọ̀nà ilé lọ́ṣọ̀ọ́.

Àbúrò rẹ̀, Jethro, dé láti Ìlúpéjú. Ẹ̀bá kànga ló gbà wọlé. Àǹtí Hilda kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní ẹnu ilẹ̀kùn ni ọmọlúàbí ń gbà wọ ilé yìí, olè ló ń gba ẹ̀gbẹ́. Jethro yí padà, ó lọ síwájú, ó sì kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó béèrè pé ta ni, ó gbọ́ pé Jethro ni. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì kí i káàbọ̀ tọ̀yàyàtọ̀yàyà, bí ẹni pé ojú wọn ò tíì ṣe mẹ́rin láàárọ̀ yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni Jethro tún bá wá: kí ẹ̀gbọ́n òun kó ẹrù, kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Yàrá ti wà, ìyàwó òun sì ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti ìgbà òjò ló ti ń bẹ̀ ẹ́. Àǹtí Hilda ń wé imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ wáyà bí ó ṣe ń gbọ́. Ó ní láti ìgbà tí òun ti gbọ́njú, kò sí ọdún kan tí àwọn akọrin Mẹ́tọ́díìsì kò yà kọrin ní ilé yìí, kò sì sí ọdún kan tí wọn kò bá ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn fún wọn.

"Wọn ò ní yà lọ́dún yìí, Àǹtí," ni Jethro wí. "Mo bi Máyọ̀kún, olórí akọrin. Ó ní àwọn ò ní ka ilé yìí mọ́ ibi tí àwọn máa dé."

Àǹtí Hilda fa imọ̀ ọ̀pẹ náà le. Ó sì ń wé e lọ.

"Bí wọ́n bá kọjá tí wọn ò yà, màá tẹ̀lé ẹ lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kanlẹ̀kùn, o ò ní bá mi sọ ọ́ mọ́."

Jethro gbà. Ó wo nǹkan róbótó náà, ó ní ó jọ èyí tí wọ́n ń gbé lé pósí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìdí nìyẹn tí òun fi fẹ́ fi pupa sí i.

Ó ra ríbọ́nnù pupa ní Tejúoṣó, ó sín ata ṣọ̀ǹbọ̀ gbígbẹ sínú òwú, ó sì fi yí i ká. Nígbà tí ó parí, ó gbé e sórí àga ní pálọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì lọ sọ́dọ̀ Lydia. Lydia jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó háyà yàrá nílé kejì, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ jẹun. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Àǹtí Hilda ń sùn, nítorí ẹ̀fọn.

Ní òwúrọ̀, ó bá ilẹ̀kùn ní títì bí ó ṣe tì í. Ó ṣí i, ó sì bá ewúrẹ́ kan ní pálọ̀ tó ń jẹ òdòdó náà. Ó ti jẹ imọ̀ ọ̀pẹ tán, ó ku ata. Àǹtí Hilda ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ó sì lé ewúrẹ́ náà títí ó fi gba ibẹ̀ jáde.

Lydia bá a ṣe òmíràn. Ọmọ náà gé ewé láti ara ọgbà wọn, ó sì béèrè.

"Màmá, bí wọn ò bá wá ńkọ́?"

"Wọ́n á wá. Wọ́n á rí i pé èèyàn wà nílé."

Lọ́jọ́ tí àwọn akọrin ń bọ̀, Jethro gbé mọ́tò wá, ó ti kó ohun tó wà nínú búùtù kúrò. Àǹtí Hilda wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé òdòdó kọ́, ó to àwọn àga tó yá lọ́wọ́ Lydia sí pálọ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó sì jókòó. Oòrùn ń rẹlẹ̀ nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀ ní orí òpópónà. Ó ń sún mọ́ wọn. Wọ́n kọrin tán nílé Lydia. Ẹsẹ̀ ń lọ lórí yanrìn. Àǹtí Hilda tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Jethro ń wo ilẹ̀, kò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di báàgì Àǹtí Hilda mú.

Ẹnìkan kanlẹ̀kùn.

"Ta ni yẹn?"

"Àwa akọrin ni, Màmá," ni Máyọ̀kún dáhùn. "A rí òdòdó yín."

Àǹtí Hilda dìde, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì ṣí ilẹ̀kùn. Ó ní kí wọ́n nu ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n nu ẹsẹ̀, wọ́n sì ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Kíbọ́ọ̀dù wọn kò gba ẹnu ilẹ̀kùn. Àwọn méjì tó gbé e wo ara wọn, wọ́n dà á dẹ̀gbẹ́, wọ́n sì rọra gbé e gba ibẹ̀. Jethro gbé báàgì sílẹ̀.

Nígbà tí ẹni ìkẹyìn wọlé, Àǹtí Hilda lọ pa ilẹ̀kùn náà dé jẹ́jẹ́, torí pé láti ìgbà tí òjò oṣù Kẹfà ti wó ilé bàbá wọn mọ́lẹ̀, tògiri tòrùlé, ilẹ̀kùn yẹn àti férémù rẹ̀ nìkan ló ṣì wà ní ìdúró.