Ọlọ Méjì Láti Ìdáàṣà

Oníṣòwò ọlọ na ìka sí òkúta méjì tó fi alùpùpù gbé wá sí Odomèta. Ó gbọ́dọ̀ ta ọ̀kan, torí táyà ẹ̀yìn tó ń jò kò ní lè gbé méjèèjì padà délé. Ìyá kan tó gbé bàsíà lọ́wọ́ dúró láti wo òkúta náà.

"Ìyá, iná abẹ́ ilẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ́ àwọn méjèèjì. Èyí rọra tutù, ni hóró rẹ̀ fi tóbi. Èkejì yára tutù, hóró rẹ̀ wá rí wínníwínní."

"Èwo ló ń lọ nǹkan kúnná?"

"Oníwínníwínní ni. Àmọ́ ó tètè ń dán, ẹ ó máa fi irin ṣá a lójú."

"Ẹnu lásán nìyẹn. Jẹ́ kí n dán an wò."

Ìyá ṣí bàsíà. Ẹ̀wà bíbó kún un. Ó lọ ìdajì lórí èyí, ó lọ ìdajì lórí ìyẹn, ọkùnrin náà sì lóṣòó tì í, ó ń fi ìyàtọ̀ hàn án tayọ̀tayọ̀.

"Èwo lẹ mú?"

"Méjèèjì dára, ọmọ mi." Ìyá gbé bàsíà rù, ó ń lọ.

Ọkùnrin náà gbójú sókè. Obìnrin mẹ́fà ti tò, kálukú pẹ̀lú ẹ̀wà tirẹ̀.

"Ẹ̀rọ ìlọta wa ti bàjẹ́ láti ìjẹta, ẹ̀gbọ́n," ni ẹni tó ṣíwájú wí. "Àwa náà fẹ́ dán an wò."