Ẹni Tó Bá Lọ́wọ́ Nínú Oògùn Yìí, Kó Bọ́ Síta

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pariwo lórí ayélujára pé ìgbìmọ̀ wa ń ṣojúsàájú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra.

Èmi ni alága. Àwa la máa ń yẹ oògùn tuntun wò kí wọ́n tó dán an wò lára aláìsàn.

Mo jókòó, mo ní, "Ẹni tó bá lọ́wọ́ nínú oògùn yìí, kó bọ́ síta."

Dókítà tó ṣe é dìde, ó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Lọ́yà àárín wa ní, "Mà, gbogbo eku tí wọ́n fún ní oògùn yìí ló kú o."

Mo ní, "Ṣé eku ló fẹ́ gba ìtọ́jú ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n nawọ́ sókè.

Èmi fúnra mi ni mo lọ ṣílẹ̀kùn.

"Olówó orí mi, ẹ wọlé. Wọ́n ti gbà fún wa."