Fíìmù Òtítọ́ Tí Russell Wá Yà ní Wapistan

Oṣù kejì ọdún ni bàálù kékeré já Russell Thorne sórí adágún Wapistan tó ti di yìnyín, òun àti Petra tó ń bá a gbé kámẹ́rà. Ó ní fíìmù òtítọ́ lòun wá yà, nípa oògùn apàrora tó ń pa àwa Kíríì, ọmọ onílẹ̀ Kánádà.

Odelia Wabano, nọ́ọ̀sì ìlú, bu tíì fún un. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì ni oògùn náà ti pa. Lẹ́yìn ìsìnkú ìkejì ló ti ń wọ ilé dé ilé, tó ń kó àwọn tó ń mu ún wá gba ìtọ́jú.

"Láti ọdún méjì, kò sẹ́ni tó kú mọ́," ló wí.

"Ọdún méjì?" Russell nu òógùn ojú rẹ̀. "Ó dáa o, Màmá. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ yà báyìí?"

"Ṣé ká lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í kú ni?" Odelia bi í.

Russell ní kí Levius apẹja bọ́ bàtà tuntun rẹ̀, kó wọ èyí tó ti ya, kó máa wo adágún kó sì máa sunkún.

"Ẹja ló wà níbẹ̀," Levius dáhùn. "Ṣé ẹja ni kí n máa sunkún fún?"

Russell ò gbọ́. Ó ti sùn lọ lórí àga. Nígbà tó jí, ó ní ìrìn àjò ló rẹ òun. Lọ́jọ́ kejì ó bi Odelia léèrè ilé tí wọ́n ti ń ta oògùn náà, kí òun lè ya àwòrán rẹ̀. Odelia ò sọ fún un.

Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ṣàdéhùn. Ọjọ́ kẹrin ni bàálù wá gbé wọn. Russell ní òun ti rí ohun tí òun ń wá. Yìnyín ń yọ̀, Odelia ló dì í lápá mú dé ẹnu bàálù.

Oṣù kẹwàá ni wọ́n fi fíìmù náà hàn ní Toronto, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Odelia. Ibì kan wà níbẹ̀ tó pa gbogbo èèyàn lẹ́kún: ọkùnrin kan nà gbalaja nílé ìgbọ̀nsẹ̀ gbọ̀ngàn ìlú, èékánná rẹ̀ ti ń dúdú, wọ́n fi nǹkan bíi kùrukùru bo ojú rẹ̀. Odelia kúnlẹ̀ tì í, ó ń fín oògùn tó ń jí ẹni tó ti mu àmujù sí i nímú, ó ń gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́: "Mí! Mo ní kó o mí, olórí kunkun!"

Wọ́n fún Russell ní àmì-ẹ̀yẹ.

"A bo ojú rẹ̀ nítorí iyì rẹ̀," ló wí. "Àwọn èèyàn wọ̀nyí níyì."

Obìnrin kan dìde lórí ìjókòó, ó ń nu omijé. "Màmá, ọkùnrin yẹn ńkọ́? Ṣé ó yè é?"

"Ó yè é," ni Odelia dáhùn, ó sì nawọ́ sí Russell: "Òun ló ń bá yín sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ yìí."