Oògùn Aràn Tí Alston Wọ̀n fún Jíńjà

Ẹ̀yin ará, ẹ má kàn yọjú wo èyí kí ẹ sì kọjá lọ. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń fọwọ́ ara yín wọn oògùn fún ọmọ tàbí fún ẹran ọ̀sìn.

1.
Láyé ìgbà yẹn, bí Túsìdeé Àjíǹde, ọjọ́ eré ìje òbúkọ, bá ti ń sún mọ́lé ní Buccoo, ní erékùṣù Tòbágò, ọ̀rọ̀ òbúkọ nìkan ló máa ń wà lẹ́nu èèyàn. Ní ìdájí, àwọn ọkùnrin á kó òbúkọ eré ìje wọn lọ sétí òkun, wọ́n á jẹ́ kí àwọn ẹran náà máa lúwẹ̀ẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn lè le. Òórùn búrẹ́dì àgbọn á ti gba àdúgbò kan. Ayé dùn nígbà náà!

Nínú gbogbo òbúkọ wọ̀nyẹn, Jíńjà lọ̀gá. Alston Quamina ló ni ín, àmọ́ Ismay ìyàwó rẹ̀ ló fi ìgò wàrà tọ́ ọ dàgbà, torí ìyá rẹ̀ kú lọ́jọ́ tó bí i. Tọkọtaya náà ò rí ọmọ bí. Àwọn aládùúgbò á máa fi Ismay ṣẹ̀fẹ̀: "Ìyá Jíńjà, ọmọ ẹ ti jẹ ewébẹ̀ mi o!" Ismay á bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ má bínú, bàbá ẹ̀ ló jọ!"

2.
Lọ́dún kan, nígbà tí eré ìje ku díẹ̀, irun Jíńjà ò dán mọ́, ó sì ń rù. Alston ra oògùn aràn. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé bí ẹran bá ṣe wúwo tó ni kí wọ́n ṣe fún un tó. Alston bá fa Jíńjà lọ sórí òṣùwọ̀n ńlá tí bàbá rẹ̀ fi máa ń wọn àgbọn gbígbẹ láyé àtijọ́. Àádọ́rùn-ún ló kà.

Ismay mú ìgò oògùn, ó kà á, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ọkọ mi, kílò ni wọ́n kọ síbí o. Ṣebí pọ́n-ùn ni òṣùwọ̀n Bàbá ń kà?"

"Kí ló wá dé? Ìwọ̀n náà kọ́ ni gbogbo ẹ̀?"

"Wọn ò dọ́gba. Jẹ́ ká lọ bi dókítà ẹran ní Scarborough."

"Kí n wọ bọ́ọ̀sì lọ bi ọmọdébìnrin yẹn bí wọ́n ṣe ń wọn ẹran? Ismay, ìdí òṣùwọ̀n yìí ni mo dàgbà sí. Bàbá mi ò ṣì í wọ̀n rí!"

"Mi ò ní Bàbá ṣì í wọ̀n. Mo ní ká béèrè."

"Jọ̀ọ́, bá mi dì í mú."

Ismay dì í mú. Jíńjà ò tiẹ̀ jà rárá. Alston fa oògùn tó tó ẹran àádọ́rùn-ún kílò sínú síríǹjì, ó sì tẹ̀ ẹ́ sí i lọ́fun.

3.
Kò pẹ́ tí itọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó lẹ́nu Jíńjà. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ tó ti borí gbogbo òbúkọ Buccoo wá ń kọlura. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ aládùúgbò kan, ó di Scarborough.

Dókítà ò tíì fọwọ́ kàn án tó fi béèrè pé, "Orí kí lẹ ti wọ̀n ọ́n, sà?"

"Òṣùwọ̀n àgbọn bàbá mi."

"Háà! Pọ́n-ùn nìyẹn. Àádọ́rùn-ún pọ́n-ùn ò ju bí ogójì kílò lọ. Oògùn òbúkọ méjì, ó tún lé, lẹ fún ẹyọ kan ṣoṣo!"

Dókítà sa gbogbo ipá rẹ̀. Orí itan Ismay ni Jíńjà kú sí.

Ismay sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀ pẹ̀sẹ̀: "Ọwọ́ mi ló wà, Alston. Ó rò pé mo fẹ́ fún un lóúnjẹ ni."

4.
Alston ò sin òbúkọ mìíràn mọ́. Títí dòní, tí Túsìdeé Àjíǹde bá dé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni òun àti Ismay máa ń jókòó sí, tí wọ́n á máa gbọ́ ariwo pápá eré ìje lókèèrè. Ọdún púpọ̀ kọjá kí Ismay tó lè sọ lọ́jọ́ kan pé, "O rántí ọjọ́ tí Jíńjà jẹ fìlà pásítọ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ní báyìí, bí Alston bá lọ ra ẹja létí òkun, kó tó dúnàádúrà, á kọ́kọ́ béèrè: "Pọ́n-ùn ni àbí kílò?" Àwọn ọ̀dọ́ á fi rẹ́rìn-ín: "Bàbá yìí tún ti dé!" Á dúró síbẹ̀ títí wọ́n á fi sọ fún un.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹran, mo bẹ̀ yín: tí òṣùwọ̀n bá ti pe iye kan fún yín, ẹ béèrè pé iye kí ni. Tí aya yín tàbí ọmọ yín bá sì ní kí ẹ dúró kí ẹ béèrè, ẹ dúró. Ìbéèrè kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Oògùn tó bá ti kọjá ọ̀fun, kò sí bàbá ẹni tó lè tún un wọ̀n.