Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Ògiri

Tíṣà kọ̀ láti bá Ajíhìnrere wọ lífìtì kan náà. Ilé alájà mẹ́sàn-án ni, ilé rédíò ló wà lókè pátápátá, lífìtì méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nísàlẹ̀. Ó ní kí Ajíhìnrere máa gba ti ọ̀tún, òun á gba ti òsì, torí òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wàásù fóun kí aago mẹ́wàá tó lù. Ajíhìnrere rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ó dáa, sà,” ó sì wọ tiẹ̀.

Àríyànjiyàn ni wọ́n ń lọ ṣe lórí rédíò, bóyá Ọlọ́run wà tàbí kò sí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Tíṣà fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé nípa ohun ẹlẹ́mìí, Ajíhìnrere sì wà lára àwọn tó kọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń pè é ní “o” láìbìkítà, tí Ajíhìnrere ń pè é ní “ẹ”, bí wọ́n tilẹ̀ ń fa ọ̀rọ̀ ya mọ́ra wọn lọ́wọ́ nínú ìwé ìròyìn. Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ni Ajíhìnrere máa ń ní kó wá jẹun nílé òun. Kò lọ rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan ni Tíṣà ní tó fi ń yangàn. Gbogbo ìlú mọ̀ pé kì í gba ohun tí kò rí ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́, ó sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Lífìtì gòkè dé agbedeméjì, ó mì, ó dúró. Iná kú.

“Tíṣà?” Ohùn Ajíhìnrere ń gba inú ògiri bọ̀, ó rinlẹ̀. “Ṣé tiyín náà ti dúró, sà?”

“Ó ti dúró. Má wulẹ̀ gbàdúrà, wáyà ló já.”

Ó gbìyànjú kí ohùn òun má gbọ̀n. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi eré tì í mọ́ inú àpótí aṣọ, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí ọjọ́ fi rọ̀. Látìgbà náà ni àyà rẹ̀ ti máa ń já níbikíbi tó bá há. Bó bá ti ń sọ̀rọ̀ ló ń rí èémí mí, ló bá ní kí wọ́n kúkú bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn náà níbẹ̀.

Ajíhìnrere bi í pé ta ló ṣe ojú. Tíṣà ní ojú ò dédé di ojú lọ́jọ́ kan. Ó ní ibi kékeré kan lára awọ tó mọ ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ sí òkùnkùn ló fi bẹ̀rẹ̀, ó wá ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran. Ajíhìnrere ní ṣé irin àti wáyà lè kó ara wọn jọ kí wọ́n di lífìtì. Tíṣà ní bó bá jẹ́ Ẹlẹ́dàá ló ṣe èyí, kó yáa tètè sọ̀ kalẹ̀ wá tún un ṣe. Ajíhìnrere rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ní ọ̀fun òun ti gbẹ, ṣùgbọ́n òtítọ́ ò ní torí pé èèyàn ò rí i kó di irọ́.

“Ẹni tó bá ní nǹkan wà, kó mú ẹ̀rí wá,” Tíṣà dá a lóhùn.

Ìgbà náà ni àwọn tó ń tún lífìtì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lu irin. Ariwo náà pọ̀ débi pé gbogbo àpótí náà ń gbọ̀n. Ó dà bíi pé Ajíhìnrere ń pariwo nǹkan kan láàárín rẹ̀. Tíṣà rò pé àdúrà ló ti bẹ̀rẹ̀, ó pòṣé. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan. Kò rí èsì.

“Ṣé o wà níbẹ̀?”

Ẹ̀wù Tíṣà ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó kan ògiri lápá ọ̀tún, ó kan án lápá òsì. Ẹ̀rù bà á gidigidi.

“Bí o bá wà níbẹ̀, kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹ́ta.”

Ó pẹ́ díẹ̀. Gbì, gbì, gbì.

Tíṣà jókòó sílẹ̀. “O ṣeun,” ó ní. “Mo mọ̀ pé o wà. N ò rí ọ, ṣùgbọ́n o ò fi mí sílẹ̀.”

Látìgbà náà ni ò ti panu mọ́. Ó sọ ọ̀rọ̀ àpótí aṣọ, èyí tí kò sọ fún ìyàwó rẹ̀ pàápàá rí. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú ohun tóun kọ sínú ìwé ìròyìn, ìbínú ló mú òun kọ ọ́. Bí irin bá tún dún, á dúpẹ́, á sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

“Má bínú sí mi,” ó ní. “Ó ti pẹ́ tí o ti ń pè mí wá sí ilé rẹ, agídí ni mò ń ṣe. Bí mo bá jáde láàyè, màá wá ní Sọ́ńdè yìí. Ṣé o gbọ́?”

Gbì.

Nígbà tí wọ́n fa ilẹ̀kùn ya, ìmọ́lẹ̀ gún un lójú. Èrò ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn mélòó kan wà lórí ìkúnlẹ̀. Atọ́kùn ètò rédíò náà dúró síbẹ̀ pẹ̀lú gbohùngbohùn tó ti nà sí àlàfo ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń tún lífìtì ṣe gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀, ó fún Tíṣà lọ́wọ́. Tíṣà ò tiẹ̀ wò wọ́n. Ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀, kí wọ́n sáré lọ ṣí lífìtì kejì, torí ohùn Ajíhìnrere ti há.

Ajíhìnrere jáde láàárín èrò, ó dì mọ́ ọn, omi ń dà lójú rẹ̀. “Ó ti lé ní wákàtí kan tí wọ́n ti yọ mí, sà, mo sì pariwo rẹ̀ fún yín kí n tó kúrò,” ó ní, “àtìgbà náà ni gbogbo ìlú ti ń gbọ́ yín lórí rédíò, ẹ̀yin nìkan lẹ sì wà níbẹ̀, sà, ta lẹ tún lè máa pè ní ‘o’ bí kì í bá ṣe Ọlọ́run?”